Ta Lẹ Ń Bá Jà Nídìí Máṣíìnì?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe fìríìdọ̀mù ṣùgbọ́n tí ẹ kò tíì gba ṣọ́ọ̀bù tiyín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń ránṣọ ní Yaba. Gígé, rírán, fífi sípù sí ẹ̀yìn aṣọ, ọ̀gá yín á kọ́ yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀gá kankan kò kọ́ mi. Ọrùn mi ló kọ́ mi, owó ẹ̀kọ́ tó sì gbà lọ́wọ́ mi kì í ṣe kékeré.

Oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni. Aṣọ ẹbí wà nílẹ̀, aṣọ Kérésì àwọn ọmọdé wà nílẹ̀, ẹni tó ń lọ sílé ọkọ náà kò sì jẹ́ kí fóònù mi sinmi. Aago méje àárọ̀ ni mo ń jókòó, ó di òru kí n tó dìde. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, n kò lè yí ọrùn sí ọ̀tún mọ́. Bí ọkọ mi bá pè mí láti ẹ̀yìn, gbogbo ara ni mo fi ń yí padà, bí dánfó tó fẹ́ yí lábẹ́ bíríìjì Ọjúẹlẹ́gba. Ìka méjì ní ọwọ́ ọ̀tún mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, bí ẹni pé mo sùn lé ọwọ́ náà. Mo fi Robb pa á, mo gbé oògùn ara ríro mì, mo tún padà sórí àga. Aṣọ àwọn èèyàn jáde lọ́jọ́ tí mo dá fún wọn. Èmi ni n kò lè gbé orí sórí ìrọ̀rí.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní kí n lọ rí àwọn onífisiótẹ́rápì, àwọn tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé ara tó ń roni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dá mi lóhùn, ọmọ tí mo lè bí. Mo rò pé yóò fọwọ́ fún ọrùn mi kíá kí n máa lọ. Kò fọwọ́ kàn mí rárá. Ó ní kí n jókòó bí mo ṣe máa ń jókòó nídìí máṣíìnì, kí n ṣe bí ẹni tó ń ránṣọ. Mo ṣe é. Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta lẹ ń bá jà?"

Ẹ̀rín pa mí. Ṣùgbọ́n jígí kan wà lára ògiri níbẹ̀. Mo wo ibẹ̀, mo rí i pé èjìká mi méjèèjì ti gòkè fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí, mo ti wa eyín pọ̀, mo di èémí mọ́nú, ọrùn mi sì nà síwájú bí ti ìjàpá tó ń yọjú wo ẹni tó kanlẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ aṣọ kankan kò sí lọ́wọ́ mi o! Òfìfo ni mo ń rán, òfìfo náà ni mo ń bá jà.

Ó ṣàlàyé pé orí àgbàlagbà tó nǹkan bíi kílò 5. Tó bá jókòó sórí ọrùn gan-an, egungun ló ń gbé e. Tó bá ti yọ síwájú, iṣan ẹ̀yìn ọrùn ni yóò máa fà á, bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́ tó fẹ́ sá wọ ọjà, láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ta ni kò ní rẹ̀?

Láti ọjọ́ náà ni etí mi ti là sí àwọn ọ̀rọ̀ kan tí a ń sọ lójoojúmọ́ láìgbọ́ ohun tó wà nínú wọn. A máa ń ní kí èèyàn fara balẹ̀. Ara ni a ní kó gbé wá sílẹ̀, a kò mẹ́nu ba èrò. Lágbájá mí kanlẹ̀: èémí ló lọ kan ilẹ̀. Ìdẹ̀ra tí gbogbo wa ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí ara dẹ̀ náà ni. Èmi ti fi ìdẹ̀ra sí ẹ̀yìn iṣẹ́: tí mo bá parí aṣọ wọ̀nyí, tí mo bá san owó ṣọ́ọ̀bù, tí ọmọ bá wọ yunifásítì. Iṣẹ́ télọ̀ dà, èwo ló ń parí níbẹ̀? Bí ara kò bá dẹ̀ nígbà tí abẹ́rẹ́ ń lọ, ìgbà wo gan-an ló fẹ́ dẹ̀?

Ohun tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá nìyí: agbára tí iṣẹ́ náà kò béèrè. Ẹ di síṣọ́ọ̀sì mú báyìí. Ẹ wo àtàǹpàkò yín. Ṣé aṣọ yẹn le tó bẹ́ẹ̀? Ẹ wo ẹsẹ̀ tí kò sí lórí pẹ́dàlì, kí ló ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀? Ẹ wo ahọ́n yín. Mo rántí ọmọ iṣẹ́ mi kan tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ahọ́n rẹ̀ á yọ síta, àfi bí ẹni pé ahọ́n ló fẹ́ fi ki í.

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n bí ní Tasmania, ní Australia, ní 1869, F. M. Alexander. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ké ewì lórí ìtàgé, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ a máa há, ìtọ́jú dókítà kò sì yanjú rẹ̀. Ó gbé jígí kalẹ̀, ó ń wo ara rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọjọ́ kan, kì í ṣe oṣù kan. Ó rí i níkẹyìn pé kí ọ̀rọ̀ tó jáde rárá ni òun ti ń fa orí sẹ́yìn, tí òun sì ń tẹ ọ̀fun mọ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó gbé jáde láti inú ìyẹn ṣì wà títí dòní, àwọn akọrin àti òṣèré ń kọ́ ọ. Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yìí, jígí ló dùn mí jù. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ wo ni kò ní jígí? Láti ọjọ́ tí mo ti ṣí tèmi ni mo ti ń ní kí oníbàárà yí padà, kó wo ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, n kò lò ó fún ara mi rí.

Mo yí jígí náà kọjú sí máṣíìnì fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí mo rí nìyí: abẹ́rẹ́ kò tíì kan aṣọ tí èjìká mi ti gòkè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi tipátipá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àṣìṣe gbáà ni, ìjà mìíràn ni mo tún dá sílẹ̀. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í le koko. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé kí n dúró díẹ̀ kí n tó tẹ pẹ́dàlì, kí n kàn mọ̀ pé ó fẹ́ gòkè. Ìgbà mìíràn, mímọ̀ yẹn nìkan ti tó.

Ìdí tí a kì í fi í mọ̀ ni pé à ń kánjú. Bí ẹnì kan bá ru àpò ìrẹsì, tí ẹ gbé rílì òwú kan lé e, kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ lásán ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ fi rílì òwú kún un, ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Moshe Feldenkrais, ẹ́ńjíníà tó tún jẹ́ ọ̀gá nínú júdò, tó kú ní 1984, orí irú òye báyìí ló gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kà lẹ́yìn tí orúnkún fi ojú rẹ̀ rí màbo: kí èèyàn mi ara ní kékeré, kó lọ́ra, kó lè gbọ́ ohun tí ara ń sọ. Ẹ yí orí sí ọ̀tún, kó kéré débi pé ẹni tó jókòó tì yín kò ní fura. Ẹ dá a padà, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe. Tó bá ti fẹ́ dùn yín, ẹ ti kọjá ibi tó yẹ. Ó lọ́ra, ó lè sú èèyàn, mo mọ̀. Àwa tí a ń tú ìlà tó wọ́ díẹ̀ kí a tó tún un rán, ṣé a lè ní a kò ní sùúrù?

Ọ̀sán ni mo máa ń dùbúlẹ̀. Mo tẹ́ ẹní sábẹ́ tábìlì tí a fi ń gé aṣọ, mo ká eékún sókè, mo ṣẹ́ ègé àńkárá bíi mélòó kan fi sábẹ́ orí, ìṣẹ́jú 10. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ọmọ iṣẹ́ mi wọlé, ó rí ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì, ó ké "Jésù!" tó fi jẹ́ pé onírun dídì tó wà lódìkejì sáré dé pẹ̀lú kóòmù lọ́wọ́.

Ìjókòó jẹ́ẹ́ ló ṣòro fún mi jù, nítorí àríyànjiyàn pọ̀ nídìí rẹ̀. Mo sọ fún àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù pé mo fẹ́ ṣe àṣàrò díẹ̀. Èyí tó kéré jù ní, "Àǹtí, ṣé kí n lọ ra epo?" Àsáró ló gbọ́! Èkejì ní tirẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti wẹgbẹ́. Mo ní kó ṣí Bíbélì Yorùbá rẹ̀, àṣàrò wà nínú Orin Dáfídì kìíní. Alhaja tó ń ta léèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sọ pé òun kò rí nǹkan tuntun níbẹ̀, wọ́n ti kọ́ àwọn láti kékeré pé kí èèyàn má kírun bí adìẹ tó ń ṣá àgbàdo. Mo ti ń yá ọ̀rọ̀ yẹn lò láti ọjọ́ náà: mo lè rán aṣọ bí adìẹ tó ń ṣá àgbàdo, mo sì lè rán an bí èèyàn.

Ohun tí mò ń ṣe kò ju kí n jókòó, kí n máa ka èémí. Bí a bá ń mí síta, ọkàn máa ń rọra lù díẹ̀ ju ìgbà tí a ń mí sínú lọ, nítorí náà mo máa ń jẹ́ kí èyí tó ń jáde gùn. Kí n tó ka 4, èrò mi á ti sá lọ bá gbèsè, tàbí obìnrin tó gba aṣọ láti oṣù Kẹjọ tí kò san bálánsì. Mo máa ń fà á padà bí a ṣe ń fa ọwọ́ ọmọ tó fẹ́ já wọ títì. A kì í nà án, ṣebí ó ti padà. Ní 1979 ni Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn aláìsàn ní irú èyí ní ilé ìwòsàn yunifásítì Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí ìrora wọn kò gbọ́ oògùn. Ọ̀sẹ̀ 8 ni ẹ̀kọ́ náà. Èmi lo nǹkan bí ọdún kan kí n tó lè jókòó ìṣẹ́jú 10 láìwo aago, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò sì ń ké ní gbogbo àsìkò náà. Ẹ má dúró de ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ní Èkó. Ẹ fi ariwo náà ṣe ohun tí ẹ ń gbọ́.

Ibi tí mo ti rí ọ̀gá nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ọjà Balógun. Ọjọ́ tí mo bá lọ ra sípù, bọ́tìnnì àti òwú, mo máa ń wá alábàárù kan tẹ̀ lé. "Àgò o! Ẹ yàgò!" Ẹ wo ọrùn rẹ̀. Ìdì aṣọ wà lórí, ọjà há, ọkọ̀ ń fọn fèrè, síbẹ̀ orí rẹ̀ jókòó pẹ́ẹ́ sórí ọrùn, èjìká rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mọ ilẹ̀ kó tó gbára lé e. N kò ní iṣẹ́ yẹn dùn o, owó tí wọ́n ń fún wọn kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti kọ́ ìrìn. Bí mo bá ti rajà tán, mo máa ń gba Broad Street lọ sí Freedom Park. Ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ láyé àwọn òyìnbó, ọdún 2010 ni wọ́n ṣí i fún aráàlú gẹ́gẹ́ bí ọgbà. Mo máa ń rìn yípo níbẹ̀, láìmú fóònù jáde, kí n tó lọ wọkọ̀ padà sí Yaba.

Kò sí idán níbẹ̀. Bí ìka bá ń kú tàbí apá bá ń rọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, kì í ṣe orí ẹní. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé bó bá dijú, ohun búburú tó ti rí sẹ́yìn ló ń yọ sí i. Kí onítọ̀hún lajú, kó rìn, kó sì wá ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù sì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè mí.

Ti ayọ̀ ni n kò mọ bí n ó ṣe sọ. Ọjọ́bọ̀ kan, òjò ń rọ̀, kò sí iná, mo ti fi máṣíìnì oníná sílẹ̀, mo gbé ẹlẹ́sẹ̀ tí mo fi kọ́ṣẹ́ ní Ṣómólú jáde. Apá bùbá kan báyìí ni mo ń rán, aṣọ tí kò lówó lórí. Mo déédéé gbọ́ ìró abẹ́rẹ́, kẹ-kẹ-kẹ-kẹ, mo sì mọ̀ pé mo ti ń kọrin sábẹ́ ètè láti ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sanwó fún mi lọ́jọ́ náà. Inú mi kàn ń dùn, bíi ti ìgbà tí mo kọ́kọ́ rán ìlà kan gbọọrọ láìwọ́.

Mo ti fẹ́ sọ ti àga àti gíga tábìlì fún yín, ṣùgbọ́n oníbàárà kan ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Yáàdì léèsì 5 wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní Sátidé yìí ni òun fẹ́ wọ̀ ọ́. Òní ti di Ọjọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mí síta ná kí n tó dá a lóhùn.