Kí ẹ tó dáná fún idà ńlá: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ọmọ owú

Bí ẹ bá fẹ́ rọ idà eré ìtàgé tó ga tó ènìyàn, irú èyí tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí àwọn ọmọ ń rí nínú géèmù, ẹ má tíì fọwọ́ kan òòlù. Bírò àti ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ fi ìbú ṣe ìlọ́po gígùn, ẹ fi nínípọn ṣe ìlọ́po ohun tó bá jáde, gbogbo rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, lẹ́yìn náà kí ẹ fi 7.85, iye gíráàmù tí sẹ̀ǹtímítà kúbíkì irin kan ń wọ̀n, ṣe ìlọ́po rẹ̀. Iye gíráàmù tí irin náà yóò wọ̀n nìyẹn. Idà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 150, tó fẹ̀ ní 10, tó sì nípọn ní mílímítà 6 (sẹ̀ǹtímítà 0.6) yóò wọ̀n tó kílò 7. Àdá tí a fi ń ṣánko kì í sábà tó kílò kan. Idà ọlọ́wọ́ méjì tí àwọn jagunjagun Yúróòpù lò láyé àtijọ́ pàápàá, láàárín kílò 2 sí kílò 3 àti ààbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Ta ni yóò wá gbé kílò 7 jó lórí ìtàgé?

Ìwúwo ló ń ba idà ńlá jẹ́ ju ohunkóhun lọ. Bí ẹ bá rọ irin kan náà kí ó máa tín-ín-rín lọ, mílímítà 6 nídìí, mílímítà 3 ní ṣóńṣó, tí ìbú rẹ̀ sì ti sẹ̀ǹtímítà 10 wálẹ̀ sí 6, kílò 4 àti díẹ̀ ni yóò kù. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀ lọ tó ti kúrò, ojú òǹwòran kò sì rí ìyàtọ̀.

Èyí tó bá fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, tèmi ni pé kí ẹ má fi irin ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ fi igi ọmọ, èyí tí àwọn onílù ń gbẹ́, ṣe ara rẹ̀. Ó fúyẹ́, kì í sì í tètè là. Kí pákó náà nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀. Ẹ fi páànù alúmíníọ̀mù tó nípọn ní mílímítà 0.55 bo ojú rẹ̀ méjèèjì, ẹ ká etí páànù wọ ara wọn kí ó má gé ènìyàn. Idà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 150 tó sì fẹ̀ ní 20 kò ní ju nǹkan bíi kílò 3 lọ kí ẹ tó fi èèkù sí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ àti èèkù nìkan ni kí ẹ fi irin ṣe. Àwọn kan máa ń sọ pé ayédèrú nìyẹn. N kò gbà bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ tí ọwọ́ lè gbé ni iṣẹ́.

Fún àwọn tó fẹ́ irin gidi, sípíríǹgì pẹlẹbẹ ti ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ló dára jù. Ẹ lè rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń ra àlòkù irin ní Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì tó ti gbé ẹrù fún ọdún púpọ̀ lè ti sán níbi tí ojú kò rí. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ fi kẹrosíìnì pa á, ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá fi ẹfun lílọ̀ wọ́n ojú rẹ̀. Bí ìlà tútù bá yọ lára ẹfun náà, kẹrosíìnì ló ń jáde láti ojú ibi tó sán. Ẹ gé ibẹ̀ dànù, ẹ má gbìyànjú láti lù ú pọ̀.

Iná kò gba owó púpọ̀. Ríìmù mọ́tò tó ti bàjẹ́ tó láti dáná sí. Ẹ po amọ̀ òkìtì ọ̀gán ìwọ̀n 3 mọ́ iyanrìn ìwọ̀n 1, ẹ rẹ́ ẹ sí inú rẹ̀ kí ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5, kí ó gbẹ lábẹ́ òjìji fún ọ̀sẹ̀ kan. Oòrùn tààrà máa ń mú un là. Ẹ má fi òkúta odò tò ó yíká, nítorí omi inú òkúta máa ń di ooru, á sì fọ́ ọ bí ìbọn. Páìpù tí afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ irin dúdú. Páìpù omi tó ń dán funfun, síńkì ni wọ́n fi bò ó. Bí iná bá kàn án, èéfín rẹ̀ á mú kí ara ènìyàn máa gbọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni tí ibà dá dúbúlẹ̀. Èédú igi líle ni kí ẹ lò, ìta gbangba sì ni kí ẹ ti lò ó. Nígbà ọyẹ́, ẹ ro ilẹ̀ yíká dáadáa kí ẹ tó dáná, torí ẹ̀ta iná kan tó láti jó oko aládùúgbò.

Èkìtì kò ní ojú irin rélùwéè, nítorí náà ẹ má wá irin ibẹ̀ kiri láti fi ṣe ohun tí ẹ ó máa lu iṣẹ́ lé. Ẹ ra ààsù tipa, ẹ rì í mọ́ ìtì igi, kí orí rẹ̀ tó ibi ìkúùkù yín bí ẹ bá dúró tí ẹ na apá sílẹ̀.

Bí ẹ bá ń rọ sípíríǹgì, àwọ̀ ọsàn tó pọ́n dáadáa ni kí ẹ fi lù ú. Bí ó bá ti ń dúdú, ẹ dá a padà sínú iná. Ibẹ̀ ni àwọn tó kánjú ti máa ń ba iṣẹ́ jẹ́: òòlù méjì mẹ́ta lórí irin tó ti tutù, á sì sán ní etí. Ẹ máa wo àwọ̀ náà lábẹ́ òjìji, oòrùn ọ̀sán máa ń parọ́ fún ojú.

Ẹ má rì idà gígùn sínú omi rárá. Omi máa ń fọ́ sípíríǹgì, iná ilé pẹ̀lú kì í mú ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25 gbóná lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà apá kan á le, apá kan á rọ̀. Idà ìtàgé kò nílò líle bẹ́ẹ̀. Ẹ mú un gbóná títí òòfà ẹ̀yìn sípíkà àtijọ́ kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọn mọ́, ẹ gbé e sí afẹ́fẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́ta, ní apá kọ̀ọ̀kan títí dé ṣóńṣó. Ọ̀bẹ tàbí àdá kékeré ni kí ẹ fi kọ́ líle: òróró ẹ̀pà tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ rì í sí, lẹ́yìn náà kí ẹ tún yan án díẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi ní àwọ̀ pọ́nrandan bí koríko gbígbẹ.

Ìdí idà ni ikú ń gbé. Apá tó wọ inú èèkù gbọ́dọ̀ gùn tó èèkù náà, kí ìbú rẹ̀ má dín sí sẹ̀ǹtímítà 3. Níbi tí ara idà ti pàdé rẹ̀, ẹ má gé igun tó mú. Ẹ fi dírílì lu ihò mílímítà 10 sí igun kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gé e, kí igun náà lè rí roboto. Igun mímú ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì gbé sípíríǹgì fún wẹ́dà kí ó jó èèkù mọ́ ọn bí ẹni ń jó géètì. Ojú ibi tó jó kọ́ ni yóò ṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, torí irin náà ti le gan-an níbẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ kọ́kọ́ mú un gbóná tó dígírì 250, kí wẹ́dà jó o, kí ẹ sì rì í sínú eérú gbígbóná títí di ọjọ́ kejì. Èmi fẹ́ràn rìfẹ́ẹ̀tì (ìṣó tí a ń lu orí rẹ̀ méjèèjì) mẹ́ta, mílímítà 6, gba inú igi àti irin kọjá.

Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà alágbẹ̀dẹ wo iṣẹ́ náà. Wọ́n ní Ìrè kì í ṣe ilé Ògún, ẹmu ló yà mu níbẹ̀. Síbẹ̀, ní gbogbo Èkìtì, bàbá tó ń rọ ọkọ́ mọ iná ju gbogbo fídíò lọ. Ọkọ́ kúrú, idà gùn, ṣùgbọ́n ojú tí bàbá fi ń mọ irin tó ti gbóná jù kò yàtọ̀.

Etí idà ìtàgé kò gbọ́dọ̀ mú. Ẹ jẹ́ kí ó nípọn ní mílímítà 2, kí ẹ sì fá ṣóńṣó rẹ̀ roboto. Bí ẹ bá ń gbé e lọ sí ibi eré, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ dè é, ẹ tì í mọ́ inú búùtù. Idà ìhòòhò lójú pópó á dẹ́rù ba ará ìlú, ọlọ́pàá á sì dá yín dúró. Lẹ́yìn eré, ẹ nù ún, ẹ fi òrí pa á, ẹ má fi í sínú àkọ̀ aláwọ nígbà òjò, torí awọ máa ń mu omi. Kí ẹ tó gbé e fún ẹlòmíràn, ẹ di èèkù mú kí ẹ mì í. Bí ó bá ń dún, rìfẹ́ẹ̀tì kan ti ń tú. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi tuntun sí i lọ́jọ́ náà.