Godric Tó Sá, Godric Tó Dúró

Àwa Bùnmi méjì la jọ ń ṣe iṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Essex, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé. Lóru ọjọ́ kan, ẹnìkejì mi ní òun fẹ́ mú ṣájà nínú ọkọ̀. Bó ṣe lọ nìyẹn. Èmi nìkan àti arúgbó 19 la jọ wojú ara wa dòwúrọ̀. Nígbà tí ọ̀gá wa dé, kò tiẹ̀ kí mi: "Bùnmi, wọ́n ní o fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóru." Omi bọ́ lójú mi.

Yàrá Bàbá kan la wà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. (Orúkọ wọn ni wọ́n ní kí n máa pè, bí wọ́n ti ń ṣe níhìn-ín, ẹnu mi kọ̀ ọ́, mo ń pè wọ́n ní Bàbá títí ó fi mọ́ wọn lára.) Bàbá gbé ife tíì sílẹ̀, wọ́n na ṣíbí sí mi, wọ́n sọ gbólóhùn kan fún ọ̀gá wa. Mo rò pé èdè Jámánì ni. Ọ̀gá wa náà ò gbọ́ ọ. Nígbà tó jáde, Bàbá ní Gẹ̀ẹ́sì ni, Gẹ̀ẹ́sì ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, pé bí mo bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ rẹ̀, àfi kí n kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn.

Òru mélòó kan la fi sọ ọ́, láti inú ewì àtijọ́ kan tó sọ nípa ogun Maldon. Ní oṣù kẹjọ ọdún 991, àwọn Viking, ajagun orí omi láti àríwá Yúróòpù, tukọ̀ wá sí Maldon, ìlú tí kò jìnnà sí wa rárá. Wọ́n ránṣẹ́ sí Byrhtnoth, olórí ogun Essex, pé kó fi wúrà ra àlàáfíà. Arúgbó onírun funfun náà ní ọ̀kọ̀ àti idà lòun ní tí òun lè san. Ọ̀nà tóóró kan tí omi òkun máa ń bò ló wà láàárín wọn, jagunjagun mẹ́ta sì ti dí i. Ni àwọn Viking bá yí ohùn padà: ẹ jẹ́ ká kọjá ná. Byrhtnoth ní kí wọ́n máa bọ̀!

Ibí yìí lèmi àti Bàbá ti ń jà. Balógun wo nílé wa ló máa ṣílẹ̀kùn odi fún ọ̀tá? Bàbá ní akéwì pàápàá dá a lẹ́bi, ó ní ofermod ló ṣe é, ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé túmọ̀ sí ìgbéraga. Àwọn Viking pa Byrhtnoth. Owó tó kọ̀ tí kò san, àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà san án lọ́dún náà: pọ́n-ùn 10,000.

Bó ṣe ṣubú báyìí, Godric, ẹni tí Byrhtnoth ti ta lọ́rẹ ẹṣin àìmọye ìgbà, fò gun ẹṣin ọ̀gá rẹ̀ gan-an, ó di inú igbó. Àwọn tó rí ẹṣin náà lókèèrè rò pé olórí ogun ló ń sá, ni wọ́n bá tú ká. Àwọn tó kù lewì náà wá tẹjú mọ́. Dunnere, mẹ̀kúnnù lásán, mi ọ̀kọ̀ rẹ̀, ó ní ẹni tó bá fẹ́ gbẹ̀san ọ̀gá kò gbọdọ̀ ro ti ẹ̀mí ara rẹ̀. Mo ní, "Ikú yá ju ẹ̀sín." Bàbá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn.

Æscferth ni tèmi. Ọmọ Northumbria, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni, wọ́n fi dógò ni. Ìlú yẹn kì í ṣe ìlú rẹ̀, ogun ọ̀hún kì í ṣe ogun bàbá rẹ̀. Síbẹ̀, ọfà rẹ̀ ò dáwọ́ dúró níwọ̀n ìgbà tí apá rẹ̀ ṣì lè gbé ọrun.

Byrhtwold, àgbà inú wọn, ló sọ èyí tí Bàbá fẹ́ràn jù: "Bí agbára wa ṣe ń dín kù ni kí ọkàn wa máa le sí i, kí àyà wa máa kì sí i." Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ dìde lórí àga ni wọ́n máa ń kà á. Wọ́n á di irin tí wọ́n fi ń rìn mú, eegun ọwọ́ á yọ funfun, orúnkún á máa gbọ̀n. N kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n àfi bí wọ́n bá kà á tán.

Mo lọ sí Maldon lọ́jọ́ ìsinmi mi. Ère Byrhtnoth, tí wọ́n gbé dúró ní 2006, na idà sókè. Ọ̀nà tó lọ sí erékùṣù Northey, níbi tí ọ̀pọ̀ gbà pé ogun náà ti wáyé, kò ju ẹrẹ̀ àti òkúta lọ. Mo wo omi bó ṣe ń yọ́ bọ̀ lọ́tùn-ún lósì, láìpariwo, títí ó fi pàdé láàárín. Èèyàn mẹ́ta tó o dí lóòótọ́.

Ewì náà kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní òpin. Ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí jóná ní London ní 1731. Ẹ̀dà tí wọ́n ti dà kọ ṣáájú ló gbà á là. Níbi tó ti já, Godric kan ń ju ọ̀kọ̀ níwájú gbogbo wọn, ó ń ṣá ọ̀tá balẹ̀ títí òun náà fi ṣubú. Akéwì mọ̀ pé a lè ṣì í mú. Ó yára là á, ìlà tó kẹ́yìn nìyẹn, òun náà ni Bàbá kà fún ọ̀gá wa pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́: kì í ṣe Godric tó sá lógun nì o.