Ohun tí ìjókòó júrì kọ́ mi nípa eré ọlọ́pàá orí tẹlifíṣọ̀n

Láti ìgbà tí wọ́n ti pè mí sí júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tó ń gbọ́ ẹjọ́ ní kóòtù tí wọ́n sì ń pinnu bóyá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹ̀bi, níhìn-ín ní Amẹ́ríkà ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ o. Àmọ́ ó ní àwọn nǹkan tí mo fẹ́ kí ẹ máa kíyè sí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí, torí wọ́n lè pe ẹ̀yin náà lọ́la.

Nínú eré, a ti máa ń mọ ọ̀daràn kí ọlọ́pàá tó mú un. Kámẹ́rà ti fi í hàn wá. Nítorí náà, bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá já ilẹ̀kùn láìgba ìwé àṣẹ, tó fún afurasí lọ́rùn mọ́ ògiri, inú wa a máa dùn. Ní 2020, ẹgbẹ́ Color of Change, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, yẹ irú eré bẹ́ẹ̀ 26 wò. Wọ́n rí i pé àwọn ọlọ́pàá tí eré fẹ́ ká fẹ́ràn gan-an ló ń rú òfin, tí eré náà sì ń gbé e kalẹ̀ bí ẹni pé bí iṣẹ́ ṣe ń rí nìyẹn.

Ní kóòtù, kò sí kámẹ́rà tó ti fi ọ̀daràn hàn wá. Ìwé tí ọlọ́pàá kọ àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ẹni náà sọ, òun ló wà níwájú wa. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ìwà ìbàjẹ́ ọlọ́pàá kì í sábà pariwo. Inú ìwé ló máa ń jókòó sí. Nígbà tí George Floyd kú ní Minneapolis ní oṣù Karùn-ún 2020, ohun tí ọlọ́pàá kọ́kọ́ kéde ni pé ara rẹ̀ ò yá nígbà tí wọ́n mú un. Wọn ò sọ̀rọ̀ orúnkún tí ọlọ́pàá fi tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn mọ́lẹ̀ rárá. Fídíò tí ọmọdébìnrin kan tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fi fóònù ká ló tú àṣírí.

Eré tún máa ń sọ pé ọlọ́pàá burúkú kan ṣoṣo ló wà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì mú un kí eré tó parí. Ẹ wo Chicago. Ọ̀gá ọlọ́pàá Jon Burge àti àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ dá ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún lóró láti àwọn ọdún 1970 títí di 1991, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù, kí wọ́n lè jẹ́wọ́. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n dá lóró náà gba ìdájọ́ ikú. Ìgbà tí wọ́n máa dá Burge lẹ́bi, ó di 2010, irọ́ tó pa lábẹ́ ìbúra àti dídí ìdájọ́ lọ́wọ́ ni ẹ̀sùn rẹ̀, torí àkókò tí òfin fi sílẹ̀ láti pè é lẹ́jọ́ ìdálóró ti kọjá. Ọdún mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n fún un. Ó ń dùn mí dòní.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti lọ́yà. Ẹni tó bá béèrè lọ́yà nínú eré, ẹ ó gbọ́ orin ìfura lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti 1969 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti gbà pé irọ́ tí ọlọ́pàá bá pa fún afurasí nìkan kò sọ ìjẹ́wọ́ rẹ̀ di asán. Ní 2010, ilé ẹjọ́ kan náà tún ní dídákẹ́ lásán ò tó, ẹni náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ jáde pé òun fẹ́ dákẹ́. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín tó ti ń dá jáde: “Mi ò ní sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ lọ́yà.” Kí wọ́n sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí wọ́n sì pa ẹnu mọ́ títí lọ́yà á fi dé.

Bí ẹ bá sì jókòó sí ipò júrì, tí wọ́n gbé ìjẹ́wọ́ wá, ẹ wò ó bóyá wọ́n ká gbogbo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àbí ìparí rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi hàn yín.