Ẹ̀wà tí mo gbé kaná tí mi ò dúró tì

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nígbà tí mò ń ṣe másítà, mo ju jọ́ọ̀bù OpenFOAM mi (sọ́fítíwíà tó ń ṣírò bí omi àti afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣàn) sínú kíù, ìyẹn ìlà tí iṣẹ́ ti ń dúró de kọ̀ǹpútà ńlá, omi tó ń ṣàn kọjá òpó afárá ni mo fẹ́ wò, mo bá pa làpútọ́ọ̀pù dé, mo gba òde ọjọ́ ìbí lọ. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni mo tó yọjú sí i. Ó ti parí o, kò sí error kankan, àmọ́ omi yẹn ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, àṣé 20 ni mo tẹ̀ síbi tó yẹ kí n tẹ 2 sí. Gbogbo wákàtí yẹn wọgbó. Ká ní mo wò ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ péré ni, mi ò bá ti mọ̀. Ìyá mi kì í gbé ẹ̀wà kaná kó lọ ọjà, èmi ọmọ ẹ̀ ló gbé e kaná tó lọ pátì.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka nípa computational steering nìyẹn. Steering náà ni, bíi ti mọ́tò: simulation, ìyẹn àfarawé nǹkan nínú kọ̀ǹpútà, ń lọ lọ́wọ́, ò ń fojú rí i, o sì lè yí nọ́ńbà kan pa dà lójú ọ̀nà. Kì í ṣe nǹkan àná, àwọn ará Yunifásítì Utah ti ń fi sọ́fítíwíà wọn, SCIRun, ṣe é láti àwọn ọdún 1990. Èyí tó wú mi lórí jù ni iṣẹ́ ìwádìí TeraGyroid ọdún 2003. Ikọ̀ RealityGrid tí Peter Coveney ti UCL ní Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú so supercomputer ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ti Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi han ayé ní SC2003, ìpàdé àwọn onísupercomputer, ní Phoenix ní Amẹ́ríkà. Omi, epo àti nǹkan bí ọṣẹ ni wọ́n pò pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè rí bó ṣe máa to ara ẹ̀.

Àwòrán aláràbarà tó ń jáde nínú ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pariwo, checkpoint ni tèmi. Tí nǹkan bá fẹ́ yíwọ́, wọ́n á pa dà síbi tí wọ́n fi àmì sí, wọ́n á yí nọ́ńbà, wọ́n á tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀, tó bá wù wọ́n wọ́n á tún ya ẹ̀dà kan sọ́tọ̀ kó máa lọ lórí ẹ̀rọ míì.

Dátà gan-an ni wàhálà. Àpótí simulation tí wọ́n pín sí ojú kéékèèké 1024 lọ́nà mẹ́ta ti lé ní bílíọ̀nù kan ojú, ká ní baìtì 8 ni ojú kọ̀ọ̀kan, ó ti tó gígábáìtì 8.6 fún ìwọ̀n kan ṣoṣo, ní ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì 10 mẹ́gábíìtì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wákàtí méjì kó tó wọlé tán, simulation á ti rìn jìnnà. Ìdí nìyẹn tí ParaView, sọ́fítíwíà tó ń sọ dátà di àwòrán, fi lè ya àwòrán níbi tí dátà wà, kó sì rán àwòrán nìkan sí ẹ.

Kíù wá ni ọ̀tá kejì, aago méjì òru ló máa ń ráyè gbé jọ́ọ̀bù ẹ, ta ló fẹ́ jí wà á?

Èmi ò ní RealityGrid, controlDict ni mo ní, fáìlì tí OpenFOAM ti ń gba àṣẹ. Tí runTimeModifiable bá ti wà ní yes, OpenFOAM á máa yẹ fáìlì yẹn wò bó ṣe ń sáré, mo lè dín deltaT (bí ìgbésẹ̀ àkókò kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó) kù láì dá a dúró, tó bá sì fẹ́ já mi kulẹ̀ mo máa fi writeNow síwájú stopAt, á kọ ibi tó dé sílẹ̀, á dúró. Lọ́sẹ̀ tó kọjá orí fóònù ni mo ti ṣe é, lóru, ìyàwó mi ní ta ni mò ń bá chat.

Mo ní omi ni.