Kẹ́ ẹ tó ka ìwé alukoro ìjọba, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tó jáde

Mo fẹ́ràn ìwé táwọn tó bá ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ máa ń kọ lẹ́yìn tí wọ́n bá kúrò nípò, pàápàá tàwọn alukoro, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti pinnu ohun tí olótùú ìjọba máa sọ, ìgbà tó máa sọ ọ́, àti oníròyìn tí wọ́n máa kọ́kọ́ ta á sí létí. Tàwọn olótùú ìjọba fúnra wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ mí lára, torí ẹjọ́ ara wọn ni wọ́n máa ń rò níbẹ̀, Blair rojọ́ Iraq lọ́dún 2010, Cameron rojọ́ ìbò Brexit, ìyẹn ìbò pé kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú European Union, lọ́dún 2019, kẹ́ ẹ tó ṣí ìwé ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Alukoro ló wà nínú yàrá nígbà tí ọ̀gá ń bú mínísítà ẹ̀, òun náà ló tún jáde lọ sọ fáwọn oníròyìn pé kò síjà, kò síta. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó bá jókòó kọ̀wé, ó yẹ ká fẹ́ gbọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo máa ń sọ fáwọn tó bá bi mí pé èwo ni káwọn kọ́kọ́ kà. Ẹ wo ọjọ́ tí ìwé náà jáde, kẹ́ ẹ wo ẹni tó wà lórí oyè lọ́jọ́ yẹn. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ohun tí wọ́n yọ kúrò.

Ẹ jẹ́ ká mú Alastair Campbell. Oníròyìn ni tẹ́lẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ní Daily Mirror, ó wá di alukoro Tony Blair lọ́dún 1994 nígbà tí Blair ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ẹgbẹ́ Labour, wọ́n sì jọ wọ Downing Street, ibùgbé àti ọ́fíìsì olótùú ìjọba, ní May 1997. Kì í ṣe alukoro tó kàn ń ka ìkéde o. Lọ́dún yẹn gan-an ni wọ́n fi àṣẹ ọba gbé agbára kan fún òun àti Jonathan Powell, olórí àwọn òṣìṣẹ́ Blair, pé wọ́n lè máa pàṣẹ fáwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba níbí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, ẹgbẹ́ lè lọ kí ẹgbẹ́ míì dé, wọ́n ṣì máa wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni inú wọn ò dùn sí i. Nígbà tí Gordon Brown, mínísítà ìnáwó Blair, gorí oyè olótùú ìjọba ní June 2007, ara ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fagi lé àṣẹ yẹn.

Gbogbo àsìkò yẹn ni Campbell ń kọ dáyárì, ojoojúmọ́, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì ọ̀rọ̀. Blair fipò sílẹ̀ ní June 27, 2007, nígbà tó fi máa di July 9 ìwé Campbell ti wà lórí àtẹ, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn nígbà yẹn ló mọ̀ pé Blair àti Brown ò gba ti ara wọn, àwọn mínísítà mọ̀, àwọn oníròyìn mọ̀, àwọn awakọ̀ wọn gan-an á ti mọ̀, ẹ wá ṣí ìwé ẹni tó wà láàárín wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ìjà yẹn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀. Ó yọ ọ́. Kò sì fi bò, ó sọ fúnra ẹ̀ pé òun ò fẹ́ fún ẹgbẹ́ Conservative ní ohun tí wọ́n máa fi bá Labour jà. Labour wá fìdí rẹmi nínú ìbò May 2010, ọdún yẹn náà ni dáyárì ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, ìwé kìíní, ìwé kejì, títí lọ, ìjà Brown sì wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi.

Ó dùn mí gan-an, kì í ṣe torí pé ó fẹ́ràn ẹgbẹ́ ẹ̀, ẹni tó bá ẹgbẹ́ dé ibẹ̀ yẹn ò lè ṣàì fẹ́ràn ẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé ní July 2007, olótùú ìjọba tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ìlú ò dìbò yàn án sípò yẹn, inú ẹgbẹ́ ni wọ́n ti gbé e gorí oyè láìsí ẹni tó bá a dupò, gbogbo wa tá a ń gbé nílẹ̀ yìí tá a ń san owó orí la nílò láti mọ irú ẹni tó jẹ́ tí inú bá ń bí i. Àkọsílẹ̀ wà. Ó wà nínú àpótí ẹnì kan. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e síta, Brown ti kó kúrò ní Downing Street, ọ̀rọ̀ tó lè ràn wá lọ́wọ́ ti di ìtàn.

Campbell kọ́ ló dá a sílẹ̀. Joe Haines ni alukoro Harold Wilson, olótùú ìjọba kan tó ti pẹ́, nígbà tí Wilson fipò sílẹ̀ lọ́dún 1976 tó fi orúkọ àwọn tó fẹ́ kí wọ́n fi oyè dá lọ́lá sílẹ̀, ariwo sọ lórí àwọn orúkọ yẹn, ìgbà tó sì di 1977 Haines kọ̀wé, ó ní Marcia Williams tó jẹ́ akọ̀wé Wilson ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ orúkọ wọn sórí bébà aláwọ̀ àlùkò. (Marcia jiyàn ọ̀rọ̀ yẹn títí ó fi kú o.) Gbogbo èèyàn gbà pé Haines ti tú gbogbo àṣírí ọ̀gá ẹ̀ sóde. Àṣé ó ṣì kù. Ní April 2024, nígbà tí Haines ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ló tó wá sọ pé Wilson ń yan igbákejì òun, Janet Hewlett-Davies, lálè nígbà tó wà lórí oyè. Obìnrin yẹn ti kú ní 2023. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ló wà láàárín ìwé àkọ́kọ́ àti ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ò bá a wí pé ó bo obìnrin yẹn láṣìírí nígbà tó wà láyé, mo rò pé ohun tó dáa ló ṣe. Àmọ́ ẹni tó ka ìwé 1977 tó ní òun ti mọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé Wilson, kò mọ̀ ọ́n.

Òfin ńkọ́? Àdéhùn kan wà. Nígbà tí Richard Crossman tó ti ṣe mínísítà lábẹ́ Wilson kú lọ́dún 1974, wọ́n fẹ́ tẹ dáyárì ẹ̀ jáde, ìjọba sáré lọ sí kóòtù, adájọ́ Widgery ní òun ò ní dá wọn dúró. Ni wọ́n bá gbé ìgbìmọ̀ Radcliffe kalẹ̀, ìgbìmọ̀ yẹn ní 1976 sì ní kí mínísítà dúró ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó sọ ohun tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bá ara wọn sọ ní kọ́lọ́fín, kó sì kó ìwé fún akọ̀wé àgbà ìjọba kó kọ́kọ́ kà á. Kò léyín. Campbell kúrò ní 2003, ìwé jáde ní 2007. Lance Price tó ti ṣe igbákejì ẹ̀ ò tiẹ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀, 2005 ni tiẹ̀ jáde.

Ibi tí mo ti rí i pé dáyárì alukoro lè wúlò fún ìlú gan-an ni ọ̀rọ̀ David Kelly. Ní September 24, 2002, ìjọba gbé ìwé kan jáde lórí Iraq, wọ́n ní Saddam Hussein, olórí Iraq, lè ṣètò ohun ìjà olóró ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 45. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà ní London nígbà yẹn á rántí February 15, 2003, bí èrò ṣe wọ́ títí dé Hyde Park pé àwọn ò fẹ́ ogun, ogun ṣì bẹ̀rẹ̀ ní March. Ní May 29, láàárọ̀ kùtù, oníròyìn BBC kan, Andrew Gilligan, sọ lórí rédíò wọn pé ó ṣeé ṣe kí ìjọba ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 45 yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́ síbẹ̀, nígbà tó tún wá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ó dárúkọ Campbell. Campbell gbaná jẹ, ó ní àfi kí BBC tọrọ àforíjì. Kelly, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó mọ̀ nípa ohun ìjà, tó ń bá iléeṣẹ́ ààbò ṣiṣẹ́, wá lọ bá àwọn ọ̀gá ẹ̀ pé òun pàdé Gilligan, àmọ́ òun ò rò pé òun lòun sọ gbogbo ohun tí Gilligan gbé jáde yẹn.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe gbé orúkọ ẹ̀ síta. Iléeṣẹ́ ààbò kéde pé òṣìṣẹ́ kan ti jẹ́wọ́, wọn ò dárúkọ, wọ́n wá sọ fáwọn alukoro wọn pé tí oníròyìn bá ti dá orúkọ tó tọ́ mọ̀ fúnra ẹ̀, kí wọ́n sọ pé òun ni. Àwọn oníròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ kan tẹ̀ lé òmíì títí wọ́n fi bá a. Ní July 15 wọ́n gbé Kelly síwájú àwọn aṣòfin, kámẹ́rà ń yà á, ohùn ẹ̀ lọlẹ̀ débi pé wọ́n ní kó gbóhùn sókè. Ní July 17 ó jáde nílé ẹ̀ ní Oxfordshire, ọjọ́ kejì ni wọ́n rí òkú ẹ̀. Adájọ́ Hutton tó ṣèwádìí ní ó pa ara ẹ̀ ni.

Hutton béèrè dáyárì Campbell. Inú ẹ̀ la ti wá rí i pé ní ìbẹ̀rẹ̀ July, Campbell kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun àti Geoff Hoon, mínísítà ààbò, jọ gbà pé tó bá jẹ́ ẹni yìí ni Gilligan gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, ó ti parí fún Gilligan nìyẹn, ọ̀rọ̀ rírùn ló sì fi kọ ọ́, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ọjọ́ tó kọ ọ́, kò kọ ọ́ fún ọjà. Kò sí òǹtẹ̀wé tó ń dúró dè é, kò sí ìbò tó ń bọ̀ lọ́nà. Bí wọ́n ṣe ń ronú nínú yàrá yẹn gan-an ló wà níbẹ̀, tí èèyàn kan á fi di ohun tí wọ́n ń fi jagun pẹ̀lú iléeṣẹ́ rédíò. Àbájáde Hutton ní January 28, 2004 dá ìjọba láre nínú ohun tó pọ̀ jù, ó di ẹ̀bi ru BBC, alága wọn Gavyn Davies àti ọ̀gá àgbà wọn Greg Dyke lọ. Lójú tèmi kò bá ìjọba wí tó, ìgbìmọ̀ Chilcot tó ṣèwádìí ogun Iraq náà wá sọ ní 2016 pé wọ́n fi ìdánilójú tí kò yẹ gbé ọ̀rọ̀ ohun ìjà yẹn kalẹ̀. Àmọ́ ìlà yẹn nínú dáyárì ò ṣeé pa rẹ́ mọ́.

Ẹ fi wé ti Damian McBride, alukoro Brown, tó kúrò ní April 2009 nígbà tí ímeèlì tó ti ń gbèrò láti ba àwọn olóṣèlú Conservative lórúkọ jẹ́ bọ́ síta. Ìwé ẹ̀ jáde ní September 2013, Daily Mail sì ń tẹ díẹ̀díẹ̀ lára ẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ẹgbẹ́ Labour ń ṣe àpérò ní Brighton. Ó jẹ́wọ́ bó ṣe ń fọ̀rọ̀ àwọn mínísítà ẹgbẹ́ ara ẹ̀ ta oníròyìn lọ́rẹ, mo sì gbà pé òótọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó jáde yẹn, ta ni wọ́n fi ń lù?

Ní báyìí WhatsApp ti gba ipò dáyárì. Matt Hancock, mínísítà ìlera nígbà Covid, gbé ìwé tó pè ní dáyárì jáde ní December 2022, àmọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni wọ́n kó o jọ, oníròyìn kan, Isabel Oakeshott, ló bá a kọ ọ́, Hancock sì kó WhatsApp ẹ̀ fún un kó fi ṣiṣẹ́, ó lé ní 100,000 ọ̀rọ̀ ìfìránṣẹ́. Kò pẹ́ ni Oakeshott kó gbogbo ẹ̀ fún Daily Telegraph. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń tún ara ẹ̀ ṣe nínú ìwé, kó gbé méjèèjì síwájú ara wọn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí Covid ní kí ìjọba kó WhatsApp Boris Johnson, tó jẹ́ olótùú ìjọba nígbà Covid, wá láìyọ nǹkan kan, ìjọba lọ sí kóòtù, wọ́n pàdánù ní July 2023.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ìwádìí yẹn ni àkọsílẹ̀ Patrick Vallance, tó jẹ́ olórí agbaninímọ̀ràn ìjọba lórí sáyẹ́ǹsì nígbà yẹn. Lálẹ́, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó máa ń kọ ohun tójú ẹ̀ rí sílẹ̀ kí ọkàn ẹ̀ lè fúyẹ́, ó ní òun ò ní in lọ́kàn rí pé kẹ́nikẹ́ni kà á. Ó bá olótùú ìjọba àti mínísítà wí níbẹ̀ láìbo ohunkóhun. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka irú nǹkan báyìí, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, òun àtàwọn ojú ìwé tí Campbell kó fún Hutton, àwọn apá tí wọ́n gbé síta lára wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lè wá ra tàwọn tó kù lẹ́yìn ẹ̀.