Ẹ Ṣí Ìyẹ́ Rẹ̀ Wò

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń kọ́ nípa labalábá, fọ́tò tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí mi ti tó gẹ́ẹ́. Bákan náà ni gbogbo wọn rí: labalábá aláwọ̀ búráùn, ó pa ìyẹ́ dé, ẹ wá ní kí n pe orúkọ rẹ̀. N ò lè pè é. Ẹni tó bá sì yá lẹ́nu láti pè é fún yín, ẹ ṣọ́ra fún un.

Ẹ̀kọ́ kìíní: omi èso tó ti ń jẹrà ni Bicyclus, ìyẹn orúkọ àpapọ̀ fún oríṣiríṣi irú labalábá búráùn yìí, ń mu. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti kan ni kí ẹ fi sínú pàkúté, kí ẹ sì gbé e rẹlẹ̀, torí kì í fò ga.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹ kọ ọjọ́, ibi àti gíga òkè sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀kọ́ kẹta ló ń dùn mí dòní. Lórí òkè Obudu ní ìpínlẹ̀ Cross River, tó ga ju 1,500 mítà lọ, koríko ló gba orí òkè. Igbó sá sí ẹ̀bá odò. Ọ̀gá tó kó wa lọ ní ká ya fọ́tò, ká tú wọn sílẹ̀, ká má pa ìkankan. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, akọ wọn ní ìdì irun tín-ín-rín lókè ìyẹ́ ẹ̀yìn, níbi tí òórùn tí wọ́n fi ń fa abo ti ń jáde. Ibẹ̀ la ti ń dá púpọ̀ wọn mọ̀." Tó bá pa ìyẹ́ dé, ta ló máa rí i? Àmì bí ojú tó wà nísàlẹ̀ ìyẹ́ kò ṣe é gbára lé. Irú kan náà lè ní ojú ràgàjì lásìkò òjò, kí tọ̀gbẹlẹ̀ má sì ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ọ̀gá ní ta ni mo jẹ́ tí mo fi ń kọ́ òun níṣẹ́.

Àbọ̀ ìwádìí wa jáde pẹ̀lú orúkọ rẹpẹtẹ. Ẹnì kan tó mọ labalábá yìí dunjú kà á, ó ní ká gbé èyí tí a rí kalẹ̀. A ò ní ẹyọ kan. Ọ̀gá ní èmi ni mo to orúkọ náà, èmi ni kí n lọ bẹ̀bẹ̀. Mo sì lọ o, torí ìwé ẹ̀rí mi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gba ìwé àṣẹ, ẹ mú akọ díẹ̀, ẹ rọra fi ẹ̀mú ṣí ìyẹ́, ẹ ya òkè, ẹ ya ìsàlẹ̀. Bí ọ̀gá bá kọ̀, "Bicyclus" lásán ni kí ẹ kọ. Kí òun fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ kejì, èyí tó ń sọ irú tó jẹ́ gan-an, tẹ̀ lé e, kó sì buwọ́ lù ú.