Àwọn Àgbébọ̀ Ẹ̀yìnkùlé

Ṣómólú, ọjọ́ Àbámẹ́ta

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, adìyẹ kì í janpata mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró di alẹ́ àná kí n tó yẹ àwọn àgbébọ̀ wa tó ti dàgbà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ èyí tó ṣì ń yé. Ọmọ mi obìnrin tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, èmi ń fi ìka wá egungun méjì tó wà nídìí wọn. Èyí tó bá ń yé, ìka méjì sí mẹ́ta a gba àárín egungun yẹn, ihò ìdí rẹ̀ a fẹ̀, a sì tutù. Èyí tó ti ṣíwọ́, agbára káká ni ìka kan fi máa wọ̀ ọ́, ibẹ̀ á gbẹ táútáú. Ẹsẹ̀ náà máa ń jẹ́rìí: bí adìyẹ bá ń yé, àwọ̀ yẹ́lò ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa ṣí, pupa ẹyin ló ń gbé e lọ. Bó bá simi, àwọ̀ náà á padà wá.

Màmá, ìyá ọkọ mi, yọjú lójú fèrèsé. “Ìyàwó mi, kí lo ń wá nídìí adìyẹ lóru?”

Méje ni wọ́n. Mẹ́rin ṣì ń yé, bí èèpo ẹyin wọn tilẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Ìyẹ́ ọ̀kan ń re, mi ò lè dá a lẹ́jọ́ báyìí. Bí ìyẹ́ tuntun bá hù tán, ó lè tún bẹ̀rẹ̀. Méjì tó kù, ẹnu nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́ lára wọn.

Oúnjẹ ni wàhálà. Àgbébọ̀ kan ń jẹ bíi gíráàmù 120 lójúmọ́, ì báà yé, ì báà má yé. Báàgì kílò 25, bí oṣù kan ni àwọn méje yìí fi ń jẹ ẹ́ tán. Ọ̀pọ̀ olóko ńlá máa ń ta gbogbo tiwọn pátá bí ọjọ́ orí wọn bá ti tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 72 sí 80. Èmi ò rí ìdí tí mo fi máa ta èyí tó ń yé nítorí pé ó dàgbà.

Àbúrò ọkọ mi ní, “Ìyàwó wa, ẹ dúró di Kérésì, owó á gorí wọn.”

Mo ní, “Bọ̀dá, ṣé ẹ̀yin lẹ ó máa ra oúnjẹ wọn títí dìgbà yẹn?” Ó bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀kan nínú méjì tó ti ṣíwọ́ ń lọ sí ọjà Bàrígà lọ́jọ́ Ajé. Kò ní pẹ́ nílẹ̀, àwọn aláriyá Èkó fẹ́ràn adìyẹ tó le, tí kì í fọ́ sínú ọbẹ̀. Ó sì ti pẹ́ tí mo fún wọn ní àǹtíbáyọ́tíìkì kẹ́yìn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lo tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ka iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ike oògùn náà pé kó dúró, kó tó tà tàbí kó tó jẹ.

Èkejì di ti ìkòkò wa lọ́la. Iná kékeré, ata rodo, kò sí ìkánjú. Ọmọ mi ti ní òun ò ní fẹnu kàn án. Màmá ní tiwọn ti ń bèèrè iwe. Mo ní ti baálé ni, wọ́n ní ta ló bí baálé?